Òwú Ìyá Sàrátù àti Ẹ̀rọ Tí Mo Fi Kà Á

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ṣe sí mi. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni, ní Ìsẹ́yìn, láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Kò sí ibi tí mo ti ṣe dáadáa nínú rẹ̀.

Mo ti òkè òkun gbé pátákó kékeré kan bọ̀, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀, ojú nọ́ńbà pupa mẹ́ta sì wà níwájú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìlànà tí yóò máa tẹ̀lé: kí ó yí mọ́tò, kí ó ka iye ìgbà tí kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ká òwú bá yí, kí ó sì máa fi iye náà hàn. Ara waipa ọkọ̀ kan tó ti bàjẹ́ ni mo ti tú mọ́tò náà, bátìrì ọkọ̀ ló sì ń fún un lágbára. Mo dán an wò nílé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́. Kò ṣì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rántí èyí: ọwọ́ ni mo fi yí i.

Ìyá Sàrátù, opó kan ládùúgbò wa, ló ń ká òwú fún àwọn ahunṣọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá yí nígbà ọgọ́rùn-ún, ìdì òwú kan ti pé. Bí ó bá ti yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á ju ẹkùrọ́ kan sínú igbá. Àwọn ahunṣọ kì í sì í tún òwú kà lójú ẹni tó ká a, nítorí ẹni tó bá tún un kà ti pe olúwarẹ̀ lólè. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣebí ilé ahunṣọ ni wọ́n bí mi sí?

Lọ́jọ́ tí mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sábẹ́ àtíbàbà wọn, Láṣísì, ahunṣọ kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, wò ó títí. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ohun tí Ìyá Sàrátù ń fi ẹkùrọ́ ṣe náà lẹ lọ kọ́ lókè òkun?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí wọra. Mo ní kí wọ́n gbé ìdì òwú mẹ́ta tí ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ká wá, mo sì so mọ́tò mi mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti tún wọn ká.

Ìyá náà jókòó nítòsí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sílé ná."

Mo dá a lóhùn pé ìmọ̀ kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Kí ni ì bá ná mi láti jẹ́ kí ó lọ?

Ìdì àkọ́kọ́ jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Èkejì jẹ́ mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Ẹ̀kẹta jẹ́ méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Láṣísì ní kí wọ́n tú ìró ìyá náà wò, bóyá ibẹ̀ ni ìyókù òwú wà. Bàbá Múfú, olórí wọn, kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn ní, "Ìyá Sàrátù, ẹ máa gbé kẹ̀kẹ́ yín lọ. A ó wá ẹlòmíràn."

Ìyá náà ní kí n tú nǹkan mi kúrò lára nǹkan òun. Mo tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí bóòtù tàbí nọ́ọ̀tì mi kankan má baà sọnù.

Ó yẹ kí n béèrè ìdí tí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi dọ́gba. Dípò bẹ́ẹ̀, mo wá ìpíndọ́gba wọn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo gbé ẹ̀rọ náà síwájú kíláàsì mi. Mo fi ẹfun sàmì sára kẹ̀kẹ́ tí mo fi dán an wò nílé, mọ́tò ń yí i, àwọn ọmọ ń kà sókè. Wọ́n ka ọgọ́rùn-ún. Ojú nọ́ńbà fi márùndínláàádọ́rùn-ún hàn. Mo yí ìlànà náà padà kí nọ́ńbà má tàn títí kẹ̀kẹ́ yóò fi dúró. Ọgọ́rùn-ún gééré ló kà. Ọpọlọ kékeré yẹn kò lè ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: nígbà tí ó bá ń tan nọ́ńbà fún wa, kò ní wo kẹ̀kẹ́. Bí ọwọ́ bá yí i, kẹ̀kẹ́ á dúró dè é. Mọ́tò kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo sáré lọ bá Bàbá Múfú. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "A ti gbọ́, Tíṣà. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ti kárí Ìsẹ́yìn. Mélòó nínú wọn lẹ ó rí?" Ìyá Sàrátù ti kó lọ sí ìlú Okaka, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Mo gbé ẹ̀rọ náà dání lọ síbẹ̀. Ó ń pa ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀rọ yín ti wá gbà pé n kì í ṣe olè."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Tí kò bá gbà ńkọ́?"

Mo wá tú pátákó náà jáde, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ó fi ẹnu júwe ààrò. "Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti fi se ẹ̀kọ fún ọmọ-ọmọ mi. Igi rere ni. Ó jó dáadáa." Ó sì ń pa ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn: bí ẹ ó bá fi ohun èlò yín dán ọmọ ènìyàn wò, ẹ kọ́kọ́ dán ohun èlò náà wò bí ẹ ó ṣe lò ó gan-an, kì í ṣe bó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn. Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ rí sí ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, yálà ẹ̀yin lẹ ka iṣẹ́ ẹlòmíràn tàbí iṣẹ́ yín ni wọ́n kà, ẹ kọ ọ́ kí a gbọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kà, ẹ má fi orúkọ ẹni tí ẹ ṣẹ̀ pamọ́. Ohun tó kù tí a lè dá padà fún un nìyẹn.