Oorun Ọ̀sán ní Tógò

Olùkọ́ ni mí ní Ìkàrẹ́, Ọ̀kà ni mo ń gbé. Nígbà họlidé kan, mo bá àwọn ará ìjọ wa lọ sí abúlé kan ní Tógò, láti bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ jéléósinmi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kó eré àti orin dání rẹpẹtẹ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí àwọn ọmọ ṣe jẹun ọ̀sán tán, kálukú tẹ́ ẹní, wọ́n dùbúlẹ̀. Èmi ṣì ń to páálí àwòrán mi. Ọmọbìnrin kékeré kan wò mí títí, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fọwọ́ gbá ẹní rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ó yé mi. Mo ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, kí òun lè sùn.

Ìyá tó ń se oúnjẹ wọn ló jí mi. Ó ti ṣòwò rí ní Ìbàdàn, ó sì gbọ́ Yorùbá.

“Tíṣà, àwọn ọmọ ti jí tipẹ́. Wọ́n ní ká má pariwo, pé ó ti rẹ̀ yín.”

Gbogbo wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí jẹ́ẹ́. Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ ara mi fúyẹ́. Ó ti ń rẹ̀ mí tipẹ́, mi ò mọ̀. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi láàárọ̀ ló mọ̀.

Nísinsìnyí, bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń sùn kí n tó dáná. Ìyá kan ládùúgbò wa yọjú lọ́jọ́ kan, ó bá mi lórí ẹní.

“Ṣé ara ò yá ni?”

“Ara yá, mà. Oorun ni mo ń sùn.”