Eyín Tó Há Sájà Ẹnu Afọwọ́bonu

"Àlọ́ mi ń bọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ."

"Kó máa bọ̀ o, màmá àgbà."

Ó gbéra, ó fò, kò bà lé ìjàpá, kò bà lé ẹkùn. Orí ọmọ mi kejì ló bà lé, àǹtí yín tó ń ránṣọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, síbẹ̀ eyín ọmọdé kan ṣì wà lókè lápá ọ̀tún ẹnu rẹ̀, kékeré bíi hóró ìrẹsì. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ á ti dé ẹnu. Àwọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ ní Afọwọ́bonu. Wọ́n ní gbogbo ara rẹ̀ ló ti dàgbà, eyín kan ṣoṣo ló kọ̀ tó ní ọmọdé lòun.

Ọ̀rọ̀ ò ju ẹ̀rín lọ títí eyín iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Dókítà eyín ya fọ́tò ẹnu rẹ̀, ó fi hàn wá. Àgbà eyín tó yẹ kó rọ́pò kékeré yẹn ò sọnù. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sókè àjà ẹnu, eegun há a mọ́, ó wá ń fi orí gbẹ́ gbòǹgbò eyín iwájú jẹ. Dókítà ní bí wọn ò bá fà á kúrò níbẹ̀, eyín iwájú máa bọ́.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora. Wọ́n yọ eyín ọmọdé, wọ́n la àjà ẹnu, wọ́n lẹ irin bíńtín mọ́ eyín tó há, wọ́n wá fi ṣéènì tín-ín-rín so ó mọ́ wáyà tó gba ara gbogbo eyín òkè kọjá. Oṣooṣù ni dókítà ń fún ṣéènì náà le díẹ̀, kí eyín náà lè máa rìn bọ̀. Ó kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fi eyín gé ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n aránṣọ ni. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́, eyín ló fi ń gé òwú. Ọwọ́ á fa òwú, ẹnu á ti là, kò tiẹ̀ ní mọ̀. Lóṣù kejì, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ fèrèsé kan, ó tẹrí ba, ó gé òwú, irin bọ́. Wọ́n tún la àjà ẹnu rẹ̀, wọ́n lẹ irin padà. Dókítà ní, "Ẹ gbọ́, tó bá tún bọ́, mi ò ní là á mọ́. Eyín méjèèjì lẹ máa pàdánù."

Lọ́jọ́ tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi aṣọ di ẹnu ara rẹ̀, ó ta á ní kókó lẹ́yìn orí. Ẹnì kan bi í pé ta la fẹ́ lọ jà lólè. Ó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀. Ooru inú aṣọ yẹn, wáyà tó ń ha á lẹ́rẹ̀kẹ́, ariwo máṣíìnì mẹ́fà. Bó bá tẹrí ba, òwú á kan aṣọ ẹnu rẹ̀, á rántí, á wá àlùmágàjí. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí nígbà ogún lójúmọ́.

Ó sọ fún mi pé, "Màámi, ó ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni wọ́n tì mọ́bẹ̀."

Lóṣù kẹwàá, ahọ́n rẹ̀ kan nǹkan ṣóńṣó. Ó sáré lọ bá dókítà. Ìyẹn tanná wò ó, ó ní orí ló yọ, ara ṣì wà nínú, ó ku bí ọdún kan. Ṣùgbọ́n eyín iwájú ò mì mọ́. Àǹtí yín dúpẹ́, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tún di aṣọ rẹ̀.

Ọdún ọ̀hún ò tíì pé, ẹ̀yin ọmọ. Aṣọ tí ẹ ń fà lẹ́nu rẹ̀ lónìí tí ẹ ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ẹni tó bá tún fà á, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ó yá, ẹ lọ fọ ẹnu yín, kí ẹ wá lọ sùn.