Ìwé Apanilẹ́rìn-ín fún Ìyá Mi Létí Òkun

Ìwé tí òjò ti pa rí, tí wọ́n wá sá sóòrùn títí tó fi gbẹ, ní òórùn tirẹ̀. Ó máa ń rùn bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí, òórùn ẹ̀pà yíyan á sì wà lára rẹ̀ díẹ̀, nítorí obìnrin kan máa ń yan ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjà ńlá ìlú Bouaké, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Òórùn yẹn ló gba imú mi kan ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, lẹ́yìn tí ilé ìwé ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tí ìyá mi rán mi lọ ṣa ìwé tí a ó máa kà létí òkun. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ilẹ̀ pupa náà ń yọ̀, mo sì mú bàtà mi dání kó má baà bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Bouaké á rántí bí ayé wa ṣe rí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Bàbá mi ń ta aṣọ nínú ọjà, ìyá mi ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tiwọn. Àdúgbò Kennedy là ń gbé, nínú agbo ilé tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ń din ata, gbogbo wa la máa sín. Yorùbá là ń sọ nílé, Jùlá lọ́jà, Faransé nílé ìwé, a sì mọ ìwọ̀nba Baulé tí a lè fi bá àwọn ọmọ ojúlé kejì jà. Bàbá mi mọ kéwú kà dáadáa. Ìyá mi kò mọ ìwé kankan kà, èmi ni mo sì máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn fún wọn.

Ìwé kíkà ló so èmi àti ìyá mi pọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ń fọ ìkòkò tí eruku ọjà ti bò, èmi á jókòó sórí àpótí kékeré, màá ka ìtàn inú ìwé Faransé tí mo mú bọ̀ láti ilé ìwé, màá sì máa yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ. Ìyá mi a máa rẹ́rìn-ín kí ibi ẹ̀rín tó dé. Ẹ̀rín wọn kì í ṣe kékeré. Bàbá mi, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, á yọjú láti inú yàrá, wọ́n á ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì," wọ́n á sì dúró níbẹ̀ láti gbọ́ ìyókù.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Àbúrò mi Mútíù, ọmọ ọdún mẹ́ta, ṣàìsàn ibà. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì bá wa padà sílé. Àwọn tó wá kí wa ń sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n má sunkún, pé Ọlọ́run ló mọ ìdí rẹ̀. Ìyá mi gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Wọn kò sunkún rárá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà sọ́jà. Wọ́n ń to ìkòkò lé orí ara wọn, wọ́n ń tà, wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n ń jókòó sẹ́yìnkùlé láìdáná. Tí mo bá béèrè ohun tó ṣe wọ́n, ìdáhùn kan náà ni: "Ó rẹ̀ mí dé eegun, Risi." Bí mo bá gbé ìwé mi jáde, wọ́n á ní ó di ọ̀la. Ọ̀la ò dé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ń gbé ní Grand-Bassam, etí òkun tó wà lẹ́yìn Abidjan. Ìyá Bassam là ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n rán awakọ̀ kan sí bàbá mi pé bí ilé ìwé bá ti parí, kí èmi àti ìyá mi wá sinmi lọ́dọ̀ àwọn. Bàbá mi gbà. Ìyá mi ò gbà, wọn ò sì kọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tó ku ọ̀la ká lọ, wọ́n pè mí sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fún mi lówó, wọ́n sì sọ ohun tí wọn kò tí ì sọ láti ìgbà tí Mútíù ti lọ.

"Lọ ra ìwé tá a máa kà. Èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín ni kó o rà. Má mú èyí tí èèyàn kú nínú rẹ̀ wá fún mi."

Mo sáré jáde bí ẹni tí wọ́n fún ní ipò ńlá.

Ẹni tó ń tàwé náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Drissa, máa ń tẹ́ ọ̀rá ńlá sílẹ̀, á sì to ìwé lé e lórí. "Ànàgó kékeré" ló máa ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbẹ̀. Mo sọ ohun tí mò ń wá fún un ní Jùlá: ìwé tó dùn, tí kò le, tí ẹnikẹ́ni kò kú nínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní inú ìwé gan-an ni àwọn èèyàn ti ń kú jù. Ó wá bi mí pé ta ló fẹ́ kà á. Nígbà tí mo sọ fún un, ó lóṣòó tì mí, àwa méjèèjì sì jọ ń tú àwọn ìwé náà. A ò lè kà wọ́n tán, nítorí náà èèpo ìwé la fi ń dá wọn lẹ́jọ́. Èyí tí wọ́n ya ìbọn sí, a tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tí obìnrin ti ń sunkún, a tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo mú mẹ́ta níkẹyìn. Ọ̀kan jẹ́ ìwé alàwòrán nípa ọlọ́pàá sísanra kan àti olè tó ń sá fún un. Ìkejì jẹ́ ìtàn ìfẹ́, mo mú un nítorí kaba tí obìnrin iwájú rẹ̀ wọ̀. Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù: ọmọkùnrin kan gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àtọmọ àtẹran ló ṣí eyín sílẹ̀. Drissa ní irú èyí kò lè ní ìbànújẹ́ nínú láéláé. Mo gbà á gbọ́.

Ìyá mi gbé orí ti fèrèsé ọkọ̀ láti Bouaké títí a fi dé Abidjan. Wọn kò ná ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọn kì í lè kọjá wọn láìná ọjà.

Ìyá Bassam ga, wọ́n sì sanra, ohùn wọn sì borí ti òkun. Láràárọ̀ wọ́n á fún wa lóúnjẹ, wọ́n á gbé ẹní rù mí, wọ́n á ní ká máa lọ sábẹ́ igi àgbọn. Èmi tí n kò rí òkun rí á dúró, màá máa wò ó títí ojú á fi máa ro mí. Ìyá mi kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù.

Mo fi ti ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀. Ó ṣòro láti ka àwòrán fún èèyàn. Mo ní láti máa gbé ìwé náà sí wọn lójú, kí n máa tọ́ka sí ibi tí olè fara pamọ́ sí. Ìyá mi á wò ó, wọ́n á ní, "Ó dáa." Kò sí ẹ̀rín. A bọ́ sí ìtàn ìfẹ́. Níbẹ̀ wọ́n bi mí pé kí ló dé tí obìnrin náà kò fẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sun ìyá ọkọ. Inú mi dùn pé ó ń wọ̀ wọ́n létí, àfi bí wọ́n ṣe sùn lọ. Ọjọ́ mélòó kan kọjá báyẹn. Ó rẹ èmi náà, bó ṣe máa ń rẹ ọmọdé tó ń gbìyànjú láti mú inú àgbàlagbà dùn tí kò sì rí i ṣe.

Mo ṣí ìwé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Ẹran náà jẹ fìlà olórí ìlú, gbogbo ìlú sì ń lé e kiri. Ètè ìyá mi yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rí i, mo túbọ̀ gbé ohùn sókè. Nígbà tí mo ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ojú mi sáré ṣáájú ẹnu mi, mo sì rí i níbẹ̀ pé ibà ti mú àbúrò ọmọkùnrin náà, ọmọbìnrin kékeré kan.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti inú ara mi. Mo ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sọ́jà, mo ní ó bá aládìyẹ jà, mo ní ó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìyá mi gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀.

"Ohun tí ò ń sọ yìí ò sí nínú ìwé yẹn," ni wọ́n wí.

Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀.

"Ojú rẹ ò kúrò lójú kan. Tó o bá ń kàwé, ojú rẹ máa ń rìn." Wọ́n yí padà sí mi. "Ta ló kú?"

Mo pa ìwé náà dé mọ́ ìka mi.

"Kà á bó ṣe wà, Risi."

Mo kà á. Mò ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní dunni jù, n kò sì rí. Nínú ìwé náà ọmọ yẹn kú. Ìyá rẹ̀ fọ ọ̀kan nínú aṣọ ọmọ náà, ó sá a sórí okùn, kò sì lè lọ ká a. Ó ń wò ó láti ojú fèrèsé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Ìyá mi ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Nígbà náà ni ẹkún bọ́.

N kò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ láti ẹnu àgbà rí. Àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n dúró, wọ́n ń wò wá. Ìyá Bassam gbọ́ ọ láti ilé, wọ́n sáré dé láìwọ bàtà, wọ́n sì kọjú sí mi pé kí ni mo ṣe fún ìyá mi. Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè láàárín ẹkún.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Èmi ni mo ní kó kà á."

Ìyá Bassam jókòó sínú iyanrìn, wọ́n gbé orí àbúrò wọn lé itan, wọn kò ní kí wọ́n dákẹ́. Nínú gbogbo àgbà tí mo rí lọ́dún yẹn, àwọn nìkan ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Inú ń bí mi sí Drissa, ó sì ń bí mi sí ẹni tó ya ẹ̀rín sí èèpo irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n ju ìwé náà sínú òkun.

Ìyá mi sùn láti ọ̀sán yẹn títí di àárọ̀. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n jẹun tán, wọ́n ní kí wọ́n bù sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé, "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn ńkọ́?"

Mo ka ìyókù. Nítòsí òpin, olórí ìlú, tí kò ríran dáadáa, ń retí àlejò pàtàkì kan. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló wọlé, olórí ìlú sì dìde, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń béèrè àlàáfíà àwọn ìyàwó rẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tí agbo ilé wa mọ̀. Ó kéré, ó há, ikọ́ ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rín ti tẹ́lẹ̀ yẹn pẹ́ kó tó padà, mo sì rò pé apá kan nínú rẹ̀ kò padà rárá. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́n ká ìró dé orúnkún, wọ́n rìn lọ bá omi, wọ́n sì jẹ́ kó fọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a padà dé Bouaké, wọ́n dáná. Bàbá mi jẹun, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n sì wò mí.

Mo ti ju ọjọ́ orí tí ìyá mi wà nígbà yẹn lọ báyìí. Wọ́n ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ara wọn sì le. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní Bouaké kan náà, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ní ọdún yìí ọkọ mi rí i pé iṣẹ́ ti fẹ́ pa mí, ó ní ká kó àwọn ọmọ lọ sétí òkun fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo bá lọ ra ìwé, irú èyí tí èèyàn lè kà kó sì gbàgbé. Mo dúró níwájú àwọn ìwé náà títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mò ń ṣí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí n lè mọ ẹni tó máa kù láàyè. Ẹni tó ń tà á rò pé ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́ kà á. Kò mọ̀ pé mo máa ń rí àwọn ìyá tó gbé ọmọ wọlé tí wọn kò gbé e jáde, n kò sì fẹ́ pàdé wọn nínú ìwé.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dì mí mú. Obìnrin kan ń kó ẹrù ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ìdúró ni mo wà tí mo fi ka ojú ewé náà tán, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé ìwé tí mò ń wá nìyí. Mo pa á dé, mo dá a padà, mo mú méjì mìíràn tí èèpo wọn ń dán, tí n kò rántí orúkọ wọn mọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ rí ka ibi tó le, ó tún un kà, ó sì dúró síbẹ̀ títí ẹkún fi tán. Èmi tí mo dàgbà, ojú ewé kan ṣoṣo ni mo kà tí mo fi sá.