Àwo Orin Mẹ́ta Tí Ọmọ Mi Ní Kí Gbogbo Ayé Gbọ́

Kùrukùru la jí bá láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń rántí yìí. Ó nípọn débi pé mo na ọwọ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa, n kò rí ìka ara mi. Òkun ń ké ramúramù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò tó o. Ọmọ mi ọkùnrin ti lọ pẹja kí kùrukùru náà tó bolẹ̀. Ọkọ Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi, ti lọ pẹ̀lú, kálukú nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

Ọmọ mi yìí ti ṣiṣẹ́ wẹ́dà, àwọn tí ń jó irin pọ̀, nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn elépo rọ̀bì rí. Ibẹ̀ ló ti kó orin òyìnbó kan wálé, wọ́n ń pè é ní rọ́ọ̀kì àti mẹ́tàlì. Gìtá rẹ̀ a máa ké bí ẹni tí akàn gé lọ́wọ́, ìlù rẹ̀ a sì máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé sípíkà síta.

“Ìye,” ọmọ mi a ní, “àwo orin mẹ́ta kan wà tó yẹ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ kí wọ́n tó kú.”

Èmi a ní, “Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, kí ni kò ní pa wọ́n?”

Ìyá Ìbejì tí kì í fi ìsìn ṣeré kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ariwo èṣù ni, èmi náà sì gbà. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n àwòrán tó máa ń yọ lójú fóònù ni mo fi mọ àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ti igi jíjóná, ti ẹṣin, àti ti obìnrin tí kò ní ojú. Mo mọ̀ wọ́n kí n lè tètè sá wọlé ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí kùrukùru bá bo òkun, àwa obìnrin a dúró létí omi, a ó máa lu abọ́ irin, kí ọlọ́kọ̀ lè fi etí wá ilẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ nǹkan kan lè máa wa ọkọ̀ lọ sí agbami, kó rò pé ilé lòun ń bọ̀. A lu abọ́ títí apá fi kú mọ́ wa lára. Ìgbì ń gbé ìró rẹ̀ mì. Mo bá rántí sípíkà. Fóònù ọmọ mi wà nílé, nítorí kì í gbé e lọ sójú omi.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì rí sípíkà náà lórí mi, ó figbe ta. “Èwo lèyí, Màmá? Ṣé ẹ fẹ́ pe èṣù lé wọn lórí ni?”

“Etí ni wọ́n fi ń wá wa,” mo dá a lóhùn. “Jẹ́ kí n dán an wò.”

Mo kọ́kọ́ tan ti igi jíjóná. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń tọrọ gáfárà, a kò sì ní àyè ìyẹn. Ti ẹṣin ń bú bí òkun gan-an, òkun bá gbé e mì bí ẹni gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo tẹ àárín ti obìnrin aláìlójú, gìtá náà la ìgbì kọjá bí abẹ́rẹ́ ṣe ń la aṣọ. Bó bá ti parí, mo tún un tẹ̀.

Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, a gbọ́ àjẹ̀ nínú omi. Ọmọ mi ni. Ó ti pa ẹ́ńjìnnì kó lè gbọ́ràn dáadáa. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ìye, àárín lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn kì í gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rí ojú Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yìn ọmọ mi ló ń wò, bóyá ọkọ̀ kejì ń bọ̀.

Kùrukùru ká lọ́sàn-án. Kò sí ọkọ̀ kankan lójú òkun.

Àwọn ọmọ ọmọ mi ń béèrè lọ́wọ́ mi títí dòní pé àwo orin wo ló yẹ kí ayé gbọ́. Mo ní kí wọ́n gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ti obìnrin aláìlójú ṣáájú, kí wọ́n sì gbọ́ ọ níta gbangba. Àwọn àgbà ní igi tí a fojú rénà níí gúnni lójú. Wọn kò sọ fún wa pé òun náà la lè dì mú nínú ìgbì, tàbí pé ọwọ́ ẹlòmíràn lè má tó o.

Ní ọjọ́ kejì kùrukùru náà, ojú ọjọ́ mọ́ roro, a ń rí òkun títí dé ibi tó ti pàdé ọ̀run. Ariwo kò tún wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Ìbejì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, “Màmá, ẹ bá mi tan èyí tí ń ké yẹn.” Mo gbé sípíkà lérí, a jọ lọ sétí omi, mo sì tan án fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀.