Ọ̀nà Tí Màmá Fi Han Fọlákẹ́mi

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n ò tètè fura. Mo ti bi ara mi títí, ó ti sú mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ wo àwọn tí ọpọlọ wọn ò bá ara wọn dàgbà, nílé wọn, káàkiri Zaria. Ọ́fíìsì wa wà ní Tudun Wada, yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì: ohun tó lè dá ṣe, ohun tí kò lè ṣe, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ni mo kórìíra jù: "Lẹ́yìn ẹni yìí, ta ló kàn?"

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìlà yẹn fi ṣófo nínú fáìlì Fọlákẹ́mi. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, àmọ́ òye ọmọ ọdún mẹ́rin ló ní. "Sannu", ìkíni àwọn Hausa, nìkan ló máa ń jáde lẹ́nu ẹ̀ geere. Yàrá kan lòun àti màmá ẹ̀ ń gbé ní Dogarawa, ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ilé tèmi. Ará Kábà ni Màmá, wọ́n fi ọdún mọ́kànlélógún se oúnjẹ nílé ìwé kan. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ará ilé ọkọ sì ní kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nídìílé àwọn.

"Màmá, orúkọ ta ni kí n kọ?"

"Àǹtí Janet, ẹ ṣe sùúrù. Mà á sọ fún yín."

"Haba, Màmá! Ṣé títí ayé lẹ ó wà ni?"

Ẹnu mi ò dáa, mo mọ̀. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. "Ẹnu yín yìí! Ọkọ yín ń gbìyànjú o."

Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè kọ́ Fọlákẹ́mi níṣẹ́. A ó gé iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́. Omi pípọn, fún àpẹẹrẹ: lónìí, kó kàn gbé garawa. Bó bá mọ̀yẹn, kó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá mọ̀yẹn náà, kó dé ìdí ẹ̀rọ omi. "Bó bá ti mọ ọ̀kan, Màmá, ẹ fà sẹ́yìn. Ẹ máa fà sẹ́yìn títí tí ò fi ní wá yín mọ́." Màmá ń mi orí.

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, mo bá àwọn méjèèjì pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó wà nítòsí ilé wọn, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sí fáìlì pé Fọlákẹ́mi ti ń jáde báyìí.

Nígbà tó di oṣù keje, mo tún rí wọn, wọ́n ti kọjá mọ́ṣáláṣí tó wà láàárín ọ̀nà, wọ́n ń bọ̀ lápá ilé mi. Ọmọ wà níwájú, ìyá wà lẹ́yìn níwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Mo wo òrùka ìgbéyàwó Màmá. Wọ́n ti fi òwú dúdú wé e nídìí kó má baà yọ bọ́.

"Màmá, ẹ ti rù o."

"Ààwẹ̀ ni mò ń gbà."

Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo fẹ́ gbà wọ́n gbọ́ ni.

Nínú oṣù kẹwàá, Zulaykha tó ń ta kósáì, àkàrà àwọn Hausa, lójúde wa pè mí, ó fi Hausa sọ fún mi pé ọmọbìnrin kan máa ń wá síbí láràárọ̀. Á dé ìdí géètì mi, á fọwọ́ kàn án, á padà. Ìyá arúgbó kan sì máa ń jókòó sílẹ̀ lókèèrè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo gba ilé Màmá lọ. Mò ń bínú, àmọ́ ẹ̀rù ló ń bà mí. "Màmá, kí lẹ ní kí ọmọ yìí máa wá ṣe nídìí géètì mi?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n gé e wẹ́wẹ́?"

Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn ti lọ, dókítà sì ti sọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo wá là á mọ́lẹ̀ pé mi ò lè gba Fọlákẹ́mi sọ́dọ̀: òfin ọ́fíìsì ò gbà, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, yàrá méjì ni mo ní.

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Kíkan géètì nìkan ló kù." Wọ́n bu kúnú ọkà bàbà fún mi mu. Mo gbé e kalẹ̀, mo jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, etí mi á wà ní géètì. Inú ọyẹ́ oṣù Kejìlá ni mo gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀mẹta: kó, kó, kó.

Fọlákẹ́mi ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun fún un. Báàgì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wo ibi tí Màmá máa ń jókòó sí. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Màmá dà?"

Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àtẹ́lẹwọ́, ó dijú. Èmi ni mo kọ́ ọ ní àmì yẹn. Oorun ló túmọ̀ sí.

Mo fi í lé Zulaykha lọ́wọ́, mo sáré. Orí ẹní ni mo bá Màmá, ara wọn ti tutù, òwú dúdú ṣì wà nídìí òrùka. Mo sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí mo padà délé, Fọlákẹ́mi ti wọnú géètì, ó jókòó, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. "Sannu," ló wí. Mo mú fáìlì ẹ̀ jáde nínú àpò iṣẹ́ mi, mo ṣí i dé ìlà tó kẹ́yìn. Mo kọ orúkọ mi sí i.