Díìṣì Orí Òrùlé Tíṣà Jádesọ́lá

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí Ọdúnayọ̀ máa gun òrùlé Tíṣà Jádesọ́lá ní Agbassa, nílùú Warri. Orúnkún ti ń ro ó kó tó fẹsẹ̀ kan àkàbà. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ó ti pé àádọ́ta ọdún. Ogún ọdún ló fi gun òpó fún iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, ó yà sídìí díìṣì íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun wọ̀nyí, àwọn tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ara sátẹ́láìtì lójú ọ̀run.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè ló ń kọ́ lédè lórí kọ̀ǹpútà.

"Ọdúnayọ̀, ó tún já lánàá! Mo ní kí wọ́n sọ 'ẹ kú iṣẹ́', 'ẹ kú' nìkan ni wọ́n gbọ́. Àwòrán mi bá dúró gbagidi bí ère."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Igi màngórò yẹn ni. Sátẹ́láìtì yìí kì í dúró sójú kan. Ó sún mọ́lẹ̀, eré ló sì ń sá. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ ni òmíràn ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tó bá ti bọ́ sẹ́yìn igi, díìṣì ò rí i mọ́ nìyẹn."

Kingsley, aládùúgbò tó ni igi, gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. "Oga, na my mama plant am. Nobody go cut am o."

Tíṣà ní òun ò ní bá aládùúgbò jà nítorí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọdúnayọ̀ mí kanlẹ̀. Ó lọ ra páìpù irin gígùn, ó dè é mọ́ ẹsẹ̀ táńkì omi, ó gbé díìṣì ga ju orí igi lọ. Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o láwọ̀.

Ní aago mẹ́rin, ojú àwọn ọmọ náà yọ kedere. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

"Kí ló tún dé?"

"Àwọn èèyàn ti dé láti ibi iṣẹ́, mà. Àwa tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì yìí lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù ní Warri. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi."

Tíṣà dìde. "Ó dáa. Màá sún kíláàsì sí àárọ̀ Sátidé. Jókòó, kí n bu oúnjẹ fún ẹ."

Kó tó gbé àwo dé, Ọdúnayọ̀ ti sùn lọ lórí àga, bàtà lẹ́sẹ̀. Tíṣà gbé kọ̀ǹpútà, ó rọra wọ yàrá lọ kí ohùn àwọn ọmọ náà má bàa jí i.