Ẹ̀kọ́ Tí Mo Ní Kí Ọmọ Mi Má Kọ́

Ọdún tí ọmọbìnrin mi parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ló wá bá mi n'Ìkọ̀lé. Ó ti di dókítà, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ ṣe ìdánwò sí i, kí òun lè lọ kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ.

Mo ní, “Dókítà wèrè? Ta ni yóò fẹ́ ọ?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹni tí orí rẹ̀ bá pé ni, Bàbá.”

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Àwọn àna a máa wádìí ìdílé kí wọ́n tó tọrọ ọmọ, àbúrò mi ọkùnrin sì wà ní yàrá ẹ̀yìn, tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ayé á ní àìsàn ilé wa ló lọ kọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà, ó lọ kọ́ ìtọ́jú ojú.

Ó lọ́kọ. Àbúrò mi kú láìrí dókítà ọpọlọ kankan. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkọ ọmọ mi ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. A ti gbọ́ nípa wọn nígbà tí a ń wádìí yín. Kò dí wa lọ́wọ́.”

N kò lè wo ojú ọmọ mi.